Ọwọ́ Sẹ́yìn

Nígbà tí wọ́n yọ igi Kérésìmesì ọdún náà jáde nínú páálí rẹ̀, Ìyá Ọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Igi funfun ni. Ewé rẹ̀ funfun, ẹ̀ka rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ irin tó fi dúró náà funfun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá ń so bọ́ọ̀lù róbótó aláwọ̀ fàdákà mọ́ ọn lára, gbogbo wọn rí bákan náà, kò sí ẹ̀gbọ́n kò sí àbúrò. Bó bá so ọ̀kan tán, á fi rúlà wọn ibi tí èkejì máa wà. Rúlà! Ìyá Ọ̀ṣọ́ jókòó sórí àga nínú pálọ̀, ó yínmú, ó wo àjà, ó tún yínmú.

"Màmá, báwo lẹ ṣe rí i?"

"Ó mọ́, Ìyàwó," ni Ìyá Ọ̀ṣọ́ dáhùn. "Ó mọ́ bí ilé ìwòsàn."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ó sì gbé rúlà padà sára ẹ̀ka. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú àwọn èèyàn lọ wo ilé tí wọ́n fẹ́ rà, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa gbé ilé kalẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí. Bó ṣe ń ṣe ilé àwọn oníbàárà náà ló ń ṣe ilé ara rẹ̀. Tìmùtìmù mẹ́rin ló wà lórí àga gígùn, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ fẹ̀yìn tì wọ́n. Èso kún inú àwo lórí tábìlì, èso oníke. Ìyá Ọ̀ṣọ́ ti gé ọ̀kan jẹ lọ́sẹ̀ tó kó dé ilé náà, kò sì tíì dárí jì wọ́n títí dòní.

Ká má purọ́, bí èèyàn kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti yínmú, Ìyá Ọ̀ṣọ́ ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi to ọjà sí ojú fèrèsé ilé ìtajà ńlá kan. Òun ló ń wọ aṣọ fún àwọn ère oníke, òun ló ń to bàtà àti àpò, òun ló ń sọ ibi tí iná máa tàn sí. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ á rìn kọjá, á tún padà wá wò ó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Ọ̀ṣọ́, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọmọ bíbí inú rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ń fi pè é nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Òfin mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ náà: ohun ńlá nísàlẹ̀, ohun kékeré lókè; má ṣe kó nǹkan jọ síbi kan; jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè gba àárín wọn kọjá. Bí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan bá rú òfin, kò ní bá a wí. Á ní, "O ṣeun, ó dára." Tí ọmọ náà bá wá lọ jẹun ọ̀sán, á tún gbogbo rẹ̀ tò, tí yóò fi dé kò ní mọ iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́. Ìyá Ọ̀ṣọ́ ka èyí sí inú rere.

Ohun tó bí i nínú jù kì í ṣe àwọ̀ igi náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún ni, ìbéèrè ò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń pè é ní Oníbéèrè. Kí ló dé tí omi ò ní eegun? Ta ló ń sọ fún ọjọ́ Ẹtì pé ó ti tó o, máa bọ̀? Ṣé ẹja máa ń gbẹ? Ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí kàn ti ẹsẹ̀ bọ pálọ̀ báyìí, ìyá rẹ̀ á ti ké láti ilé ìdáná: "Ọwọ́ sẹ́yìn!" Ọmọ á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á fi ìka kọ́ ìka, á dúró gbọn-in níwájú igi funfun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Kò ní béèrè ohunkóhun. Bó bá ti wò ó tẹ́rùn, á yíjú padà lọ.

"Ìyàwó, ta gan-an lo ṣe igi yìí fún?" ni Ìyá Ọ̀ṣọ́ béèrè níjọ́ kan tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. "Ṣé ọmọ ni, àbí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́?"

"Màmá, ọ̀gá mi ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Kérésìmesì lóòótọ́. Àmọ́ dígí ni bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn. Tó bá fọ́, ó máa gé e lọ́wọ́."

"Dígí? Ọkọ rẹ jẹ dígí dàgbà ni."

Ọkọ rẹ̀ ò jẹ dígí rí. Ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí Ìyá Ọ̀ṣọ́, kì í wo ojú òótọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Ọdún méjì ni kò ti ṣí i, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tí ọmọ rẹ̀ sì ti ní kó wá máa bá àwọn gbé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò jọ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà rárá. Láti Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ṣe ni wọ́n ti dá àṣà kan sílẹ̀ láàárín ara wọn: lọ́dọọdún, wọ́n á mú nǹkan kan nínú ohun tí ọdún náà fi sílẹ̀, wọ́n á fi òwú pupa so ó, wọ́n á gbé e kọ́ sára igi. Bọ́tìnnì tó já lára ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wà níbẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ búra fún onílé pé ó ti sọnù. Eyín tó kọ́kọ́ ká lẹ́nu ọmọ wọn wà nínú àpò kékeré kan. Gílóòbù tó jó láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi Ìyá Ọ̀ṣọ́ ṣe olórí níbi iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Mọ́kàndínlógójì ni gbogbo wọn.

Ìyá Ọ̀ṣọ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí páálí yìí. Bí òun bá kú láàárọ̀, Ìyàwó á ti gbé e síta fún àwọn akólẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, á sì fi ọṣẹ fọ ibi tó ti kúrò. Ọmọ òun gan-an ò lè sọ ìtàn mẹ́ta nínú mọ́kàndínlógójì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà á lọ́wọ́ òun, ẹni náà ò sì tíì lè de okùn bàtà ara rẹ̀. Bí òun ò bá tètè gbé e lé e lọ́wọ́ nísinsìnyí, ó parí nìyẹn.

Ó lọ bá ọkùnrin tó ń gé ewé òdòdó ládùúgbò, ó gba ẹ̀ka igi kan tó gùn tó ọmọ náà ní ìlọ́po méjì. Ó rọ iyanrìn sínú bókẹ́ẹ̀tì, ó ri igi náà mọ́ ọn, ó gbé e sí igun yàrá rẹ̀. Igi náà wọ́ díẹ̀. Ewé rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo iyanrìn tó dà sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Oníbéèrè," ni Ìyá Ọ̀ṣọ́ ké, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ké e kí wọ́n lè gbọ́ ọ ní pálọ̀, "wá wo igi tí èèyàn ń fọwọ́ kàn!"

Ọ̀sán mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà. Ìyá Ọ̀ṣọ́ á mú nǹkan kan, á sọ ìtàn rẹ̀. Oníbéèrè á béèrè mẹ́wàá lórí ẹyọ kan.

"Ṣé ibí ni bọ́tìnnì yìí wà, tàbí ibí?" Ọmọ náà fọwọ́ sí àyà, ó fọwọ́ sí ikùn.

"Ikùn ni. Bàbá àgbà rẹ yó jù lọ́jọ́ yẹn."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ilẹ̀kùn rẹ̀ dà?"

"Ilẹ̀kùn wà níbi tó wà. Yàrá kan ṣoṣo la ní nígbà yẹn. Ibẹ̀ la ti ń sùn, ibẹ̀ la ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ la ti bí bàbá rẹ. Bàbá àgbà rẹ ga, bó bá dùbúlẹ̀ tó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ìkòkò."

"Ìkòkò gbígbóná?"

"Ìkòkò gbígbóná. Á pariwo, èmi á sì rẹ́rìn-ín."

Ọmọ náà rò ó títí. "Ṣé ibẹ̀ há?"

"Ó há gan-an. A ò kàn mọ̀ ni."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ìyá Ọ̀ṣọ́ ti páálí sọ́dọ̀ ọmọ náà. "Igi tìrẹ nìyí. Bó o bá ṣe fẹ́ ni kó o kọ́ wọn sí i. Mi ò ní dá sí i." Ó jókòó sórí ibùsùn, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ gidigidi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ! Kí àwọn onírúlà wá kẹ́kọ̀ọ́.

Oníbéèrè mú nǹkan kìíní, ó kọ́ ọ sórí ẹ̀ka kan nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì. Ó mú èkejì, ó kọ́ ọ sórí ẹ̀ka yẹn náà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀ka yẹn. Ẹ̀kẹwàá, ẹ̀ka yẹn. Gbogbo mọ́kàndínlógójì ló rọ́ síbi kan ṣoṣo, bọ́tìnnì lórí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù lórí eyín, títí ẹ̀ka fi tẹ̀ kanlẹ̀. Ìyókù igi wà ní ìhòòhò. Láàárín gbogbo ẹ̀ ló wá ki páálí ìṣáná kan bọ̀, èyí tó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kiri láti àná, tí ó sì ti dọ̀tí tó ti wú.

"Kí nìyẹn?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Ti ọdún yìí ni. Ẹ má tíì ṣí i, gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ."

"Ó dára," ni Ìyá Ọ̀ṣọ́ wí. Ohùn tó fi sọ fún Ìyàwó pé igi mọ́ náà ló fi sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Ìyá Ọ̀ṣọ́ jókòó, ó ń wo igi náà. Ó yíjú sí fèrèsé. Ó tún wò ó. Ọwọ́ ń yún un. Gbogbo òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ ọlọ́dún márùn-ún ti rú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní òun á kàn gbé gílóòbù yẹn sókè díẹ̀ kó má baà fọ́. Ó gbé gílóòbù. Kọ́kọ́rọ́ wá dá wúwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí agogo mọ́kànlá máa fi lù, ohun ńlá ti wà nísàlẹ̀, ohun kékeré ti wà lókè, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá. Páálí ìṣáná nìkan ni kò rí ibi tó bá a mu. Ó kọ́ ọ sẹ́yìn, lápá ibi tí ògiri wà.

Ìyàwó, tó wà nílé lọ́jọ́ yẹn, yọjú wọlé. Ó dúró. "Háà, Màmá! Ó rẹwà o! Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù yà á kí n fi han ọ̀gá mi."

"Ìmọ̀ ni," ni Ìyá Ọ̀ṣọ́ dáhùn, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Kì í ṣe rúlà."

Oníbéèrè dé láago méjì. Ó sáré wọ yàrá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì dúró lójijì. Ó wo igi náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìyá Ọ̀ṣọ́ ń dúró de ìbéèrè. Kò sí ìbéèrè. Ọmọ náà rìn dé iwájú igi, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ìka kọ́ ìka, ó dúró gbọn-in.

Ẹnikẹ́ni ò ké mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ sí nítòsí.

Ìyá Ọ̀ṣọ́ sún mọ́ ọn. "Kò dára ni?"

"Ó dára, Màmá Àgbà."

"Ṣé o ò fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi?"

"Rárá, mà."

Ó yíjú padà lọ.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ò wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, bákan náà. Ó jẹun, ó kí ìyá àgbà rẹ̀ káàárọ̀, ó kí i káàsán, ó wo àwòrán nínú ìwé. Ìyá Ọ̀ṣọ́ bínú sí i lọ́kàn ara rẹ̀. Ọmọ kékeré tó ń gbé imú sókè bí àgbà! Ta ló kọ́ ọ? Ìyá rẹ̀ ni, ta ni ìbá tún jẹ́? Ó bínú títí inú rẹ̀ fi gbẹ, ìbẹ̀rù ló kù níbẹ̀. Bí ọmọ yìí ò bá fẹ́ ohun tó wà nínú páálí mọ́, ta ló fẹ́ ẹ?

Ó dìde láti gbá ewé tó já sílẹ̀, ìgbà yẹn ló rí páálí ìṣáná náà lẹ́yìn igi, tó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ ní kíláàsì. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Ó já a, ó mú un lọ sójú fèrèsé, ó wá awò ojú rẹ̀, ó ṣí i.

Igi ìṣáná méjì ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àkísà kékeré. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, ọmọ náà ti fi gọ́ọ̀mù so àfikún mọ́ ọn nídìí. Ìdí igi gígùn yẹn kan ìdérí ìgò kékeré kan tó jókòó sí igun páálí. Ìkòkò ni.

Ìyá Ọ̀ṣọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀ pé òun jókòó. Yàrá náà nìyí. Ọmọ ọlọ́dún márùn-ún ti kọ́ yàrá náà, ó ti gbé e sí àárín, ó sì kó gbogbo ẹrù ilé wọn yí i ká lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, kó há bó ṣe há gan-an. Kò sóhun tí òun sọ tí ọmọ ò gbọ́. Òun wá fi ọgbọ́n ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tú ilé náà ká, òun gbé yàrá kọjú sí ògiri, òun tún jẹ́ kí wọ́n yà á ní fọ́tò.

Ojú tì í. Ó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́kàn. Onírúlà tí òun ń yínmú sí, ó kúkú sọ ọ́ síta láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ọmọ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Òun ní "igi tìrẹ nìyí", òun wá dúró dìgbà tí ọmọ jáde nílé. Àwọn ọmọṣẹ́ wọ̀nyẹn tí wọ́n ń padà wá bá fèrèsé tí wọn ò mọ̀ mọ́, ṣé inú rere náà ni wọ́n rí níbẹ̀? Ó rántí pé wọ́n máa ń dúpẹ́. Ó tún rántí pé ó pẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn tó tún dá àrà kankan.

Ó já gbogbo mọ́kàndínlógójì kúrò lára igi, ó kó wọn sínú páálí, ó ké pe ọmọ náà.

Oníbéèrè dé, ó wo igi tó wà ní ìhòòhò.

"Bá mi tún un kọ́," ni Ìyá Ọ̀ṣọ́ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tò ó, Màmá Àgbà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tò."

Kò sí ìbínú nínú ohùn ọmọ náà. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ìyá Ọ̀ṣọ́ la àtẹ́lẹwọ́, ó fi páálí ìṣáná hàn án. "Mo ṣí i. Mo ti rí yàrá náà."

Ọmọ náà sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ bàbá àgbà?"

"Mo rí i. Ó kan ìkòkò."

"Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín?"

Ìyá Ọ̀ṣọ́ gbé páálí ìṣáná náà sílẹ̀. Ó mi orí pé rárá. "Mo ṣẹ̀ ọ́, Oníbéèrè. Mo ní mi ò ní dá sí i, mo wá dá sí i. Jọ̀ọ́, má bínú." Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ìka kọ́ ìka, egungun èjìká rẹ̀ sì pariwo. "Èmi ló kàn."

 Ọmọ náà yí i ká, ó lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọwọ́ náà so lóòótọ́. Ó wá mú páálí ìṣáná, ó kọ́ ọ sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó mú bọ́tìnnì. Ẹ̀ka ń tẹ̀, igi ń wọ́, bókẹ́ẹ̀tì ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Gílóòbù fẹ́ yọ̀, ó kù díẹ̀ kí Ìyá Ọ̀ṣọ́ na ọwọ́ sí i.

"Màmá Àgbà, ọwọ́ sẹ́yìn!"

"Ó ti wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀."

Ó burú. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀, inú yàrá òun tìkára rẹ̀ ló sì wà. Gbogbo ara ń ro ó bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀.

Ìyàwó yọjú. "Ẹ̀yin méjèèjì, kí ló dé? Igi yìí máa ṣubú o! Màmá, kí ló ṣe tèyí tó dára? Ẹ jẹ́ kí n bá yín…" Ó na ọwọ́.

"Mọ́mì, ọwọ́ sẹ́yìn."

Ọwọ́ Ìyàwó dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ gígún tó máa tẹ̀ lé e.  Ìyá Ọ̀ṣọ́ kàn sún díẹ̀ láti fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyàwó náà kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mọ́mì," ni Oníbéèrè béèrè, ó mú àpò eyín dání, "ṣé ẹ mọ ẹni tó ni eyín yìí?"

"Rárá," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Ẹ jókòó," ni ọmọ náà wí.